Jean-Baptiste Schwilgué: Olùkọ́ tí ó Kọ́ Irin ní Òfin Kàlẹ́ńdà

Ìfáárà

Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè ọjọ́ tí ọdún Àjíǹde yóò bọ́ sí. Ọdún Kérésì kò ní wàhálà. Ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá ni, tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Ti Àjíǹde kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 2008, ọjọ́ 23, oṣù Kẹta ni ó bọ́ sí. Ní ọdún 2011, ó di ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé kí á gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà tí ìjọ tẹ̀, èyí tí a gbé kọ́ sára ògiri, kí á sì gba ohun tí a bá bá níbẹ̀ gbọ́. Ẹni tí ó tẹ kàlẹ́ńdà ọ̀hún pàápàá, ibòmíràn ni òun náà ti wò ó. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè jókòó, kí ó mú ìwé àti kálàmù, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò náà dé òpin.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí lè ṣe é. Kò sì mọ sí ibẹ̀: ó fi idẹ àti irin ṣe ẹ̀rọ tí ó ń dá ìṣirò náà ṣe ní ọdọọdún, láìsí ẹni tí ó ń sọ ìdáhùn fún un. Jean-Baptiste Schwilgué ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn aago mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ohun tí ó mú kí á yàn án fún ìwé àtìgbàdégbà àwa olùkọ́ ni pé olùkọ́ ìṣirò ni òun náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé ohun tí ó ṣe lára aago rẹ̀ kò jìnnà sí ìbéèrè tí ó ń kojú wa nínú kíláàsì lójoojúmọ́.

Ìgbà Èwe àti Aago tí ó Dákẹ́

Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1776 ni a bí Schwilgué ní Strasbourg, olú ìlú agbègbè Alsace, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti bá ti Jámánì pààlà. Odò Rhine kò jìnnà sí ìlú náà. Kàtídírà tí ó wà láàárín ìlú yìí ti lókìkí láti ayébáyé, aago rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn àlejò máa ń wá wò láti ọ̀nà jíjìn.

Aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ti wà nínú Kàtídírà náà. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1352 sí 1354. Àkùkọ onírin kan wà lórí rẹ̀ tí ó máa ń na ọrùn, tí ó ń fi ìyẹ́ lu ara rẹ̀, tí ó sì ń kọ. Àkùkọ yìí ṣì wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Strasbourg títí di òní. Aago kejì ni ti Conrad Dasypodius, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò. Òun ni ó ṣe ètò rẹ̀. Isaac àti Josias Habrecht, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, sì ni wọ́n rọ irin rẹ̀. Ọdún 1574 ni wọ́n parí rẹ̀. Aago ńlá ni lóòótọ́: ó ń fi wákàtí hàn, ó ń fi ìrìn oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì hàn, ó sì ní kàlẹ́ńdà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà aago kejì yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí Dasypodius ṣe ni pé ó gbé àwo ńlá kan kalẹ̀ tí ó ń yí po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn ayàwòrán sì kọ ọjọ́ àwọn àjọ̀dún tí kì í dúró sójú kan sí i, títí kan Àjíǹde, fún ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Ènìyàn ni ó jókòó ṣe ìṣirò náà ṣáájú. Aago kàn ń gbé ìwé ìdáhùn náà yí ká ni. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún náà bá pé, ìdáhùn tán nìyẹn. Wọ́n á tún pe ẹni tí yóò ṣe ìṣirò, wọ́n á tún pe akunlé.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí Dasypodius kò lè rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1582, ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí aago rẹ̀ parí, Póòpù Gregory Kẹtàlá yí òfin kàlẹ́ńdà padà. Wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá kúrò, wọ́n sì tún ìlànà ọjọ́ Àjíǹde ṣe. Strasbourg ìgbà náà kò sí lábẹ́ Póòpù nínú ẹ̀sìn, kò sì gba òfin tuntun yìí títí di ọdún 1682, lẹ́yìn tí ọba Faransé ti gba ìlú náà. Àwo tí a ti kọ ìdáhùn sí kò lè bá òfin tí ó yí padà lọ. Kí ni àwo mọ̀?

Ní ọdún 1788, aago Dasypodius dákẹ́ pátápátá. Schwilgué jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ Kàtídírà ń mú àwọn àlejò yí ká, ó fi aago tí ó kú náà hàn wọ́n, ó sì ń ṣàròyé pé kò sí ẹni tí ó lè mú un rìn mọ́. Ọmọkùnrin kékeré kan láàárín èrò wá dáhùn pé òun ni òun yóò mú un rìn. Charles, ọmọ Schwilgué, ni ó kọ ìwé nípa ìgbésí ayé bàbá rẹ̀ ní ọdún 1857. Irú ìtàn báyìí kì í ṣe aláìní àbùlà. Ẹni tí ó bá ṣe ohun ńlá, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa rí àmì rẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ọkùnrin náà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí bá ìtàn ọ̀hún mu délẹ̀délẹ̀, a kò sì ní ìdí tí a ó fi sọ pé irọ́ ni. Ó dára jù lọ ju ìtàn kejì tí wọ́n máa ń pa mọ́ aago náà, pé àwọn aláṣẹ ìlú fọ́ ojú ẹni tí ó ṣe é kí ó má baà lọ ṣe irú rẹ̀ fún ìlú mìíràn. Kò ju àlọ́ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìlú ilẹ̀ Yúróòpù tí ó ní aago ńlá ni ó ń pa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ní Sélestat

Nígbà tí Ìyípadà Ìjọba bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé, àwọn ẹbí Schwilgué kúrò ní Strasbourg lọ sí Sélestat, ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́ aago, ibẹ̀ ni ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí ó sì gbéyàwó. Kò lọ sí ilé-ìwé gíga kankan. Ìmọ̀ ìṣirò tí ó nílò, ó rà á nínú ìwé, ó sì kọ́ ọ fúnra rẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó kọ́ ọ dé ibi pé ní ọdún 1807, nígbà tí ó wà ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Sélestat. Ó tún jẹ́ ayẹ̀wò òṣùwọ̀n ní agbègbè náà, ẹni tí ó ń rí i pé ìwọ̀n ọlọ́jà kò parọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn: ó ń tún aago ṣe, ó ń kọ́ ọmọ, ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò.

Ní gbogbo àsìkò yìí, aago Kàtídírà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àtúnṣe lásán ni ó ń fẹ́, kò bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé bí òun bá tún aago Dasypodius ṣe bí ó ti wà, àwo tí ìdáhùn rẹ̀ yóò tán náà ni òun yóò tún gbé kalẹ̀. Ohun tí ó wá ń wá ni ọ̀nà tí aago fi lè mọ òfin fúnra rẹ̀.

Kí ni ó Le nínú Rẹ̀?

Ó yẹ kí á ṣe àlàyé fún ẹni tí kò bá tíì rí inú aago. Kẹ̀kẹ́ eléyín ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kékeré tí ó ní eyín 10 bá ń yí ńlá tí ó ní eyín 120, ìgbà 12 ni kékeré yóò yí po kí ńlá tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà yìí ni a fi ń sọ ìṣẹ́jú di wákàtí, tí a fi ń sọ wákàtí di ọjọ́. Ohunkóhun tí ó bá ń yípo déédéé ni kẹ̀kẹ́ eléyín lè kà.

Kàlẹ́ńdà ni kì í yípo déédéé. Oṣù kan ní ọjọ́ 31, òmíràn ní 30, oṣù Kejì ní 28. Aago ọwọ́ tí ó ń fi ọjọ́ hàn lásán, ọjọ́ 31 ni ó mọ̀ fún gbogbo oṣù; ìgbà márùn-ún lọ́dún ni ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọdún aláfikún dé, ìyẹn ọdún tí oṣù Kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n òfin Gregory sọ pé ọdún tí ó bá parí ọgọ́rùn-ún kan, bí i 1700, 1800 àti 1900, kò ní ní àfikún, àyàfi èyí tí 400 bá lè pín láìṣẹ́kù, bí i 2000. Nínú ọdún 400, àfikún 97 ni ó wà, kì í ṣe 100.

Báwo ni irin ṣe lè rántí èyí? Ẹ wo eyín kọ́kọ́rọ́. Jíjin àti gíga eyín náà ni kọ́kọ́rọ́ fi mọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Bákan náà ni a lè gé etí kẹ̀kẹ́ kan kí ó ga níbì kan, kí ó jin níbòmíràn, kí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì máa tẹ̀lé etí náà bí ó ti ń yí. Ibi tí etí bá jin, irin náà yóò bọ́ sínú rẹ̀, yóò sì fa nǹkan mìíràn. Ibi tí ó bá ga, kò ní fa á. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin lè rántí ọdún aláfikún. Ti ọgọ́rùn-ún ọdún ń fẹ́ kẹ̀kẹ́ tí yóò yí po lẹ́ẹ̀kan ní 400 ọdún. Ẹni tí ó bá gé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, òun, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ kò ní rí i kí ó yí po tán.

Àjíǹde ni ó wá le jù. Òfin rẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21, oṣù Kẹta ni. A ó rí i pé nǹkan mẹ́ta tí kò bá ara wọn rẹ́ ni òfin yìí so pọ̀: oòrùn tí ó ni ọdún, òṣùpá tí ó ni oṣù, àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí kò bá oòrùn lọ, tí kò bá òṣùpá lọ. Ọjọ́ Àjíǹde lè bọ́ sí èyíkéyìí nínú ọjọ́ 35, láti ọjọ́ 22, oṣù Kẹta bí ó ti rí ní ọdún 1818, títí dé ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin bí ó ti rí ní ọdún 1886 àti 1943.

Àwọn àgbà ìjọ ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u láti ìgbà pípẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní àyípo 28 ọdún fún ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ẹ wo ìlú tí wọ́n ń ná ọjà ọrọọrún, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà ń padà wá. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lónìí, ọjọ́ 28 ni yóò gbà kí ó tó tún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí pé mẹ́rin lọ́nà méje ni 28. Ọdún aláfikún ní mẹ́rin mẹ́rin, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ní méje méje, àyípo 28 náà ni. Èkejì ni àyípo 19 ọdún ti òṣùpá: oṣù òṣùpá 235 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọdún 19 dọ́gba. Ipò tí ọdún kan wà nínú àyípo 19 yìí ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà wúrà. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń mọ ọjọ́ orí òṣùpá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, àti láti ibẹ̀, ọjọ́ tí òṣùpá yóò ràn mọ́jú.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ tí a sọ yẹn ni ìṣòro. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà láàárín ọdún 19 àti oṣù 235, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà òfin Gregory ní kí á máa ṣe àtúnṣe ọjọ́ kan kan sí ọjọ́ orí òṣùpá, ìgbà mẹ́jọ láàárín 2,500 ọdún. Àtúnṣe mìíràn tún wà ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a bá yọ àfikún. Ẹ mú ọdún 2025 wò. Nọ́ńbà wúrà rẹ̀ ni 12. Òṣùpá àrànmọ́jú, nípa ìṣirò ìjọ, bọ́ sí ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Àìkú gan-an ni ọjọ́ 13 náà. Òfin sọ pé ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e ni, nítorí náà a ó fò ó, Àjíǹde yóò sì jẹ́ ọjọ́ 20. Irú fífò báyìí gan-an ni ó máa ń da àwọn tí ó ń ṣe ìṣirò láàmú, akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbà.

Gbogbo èyí ni Schwilgué rọ sínú irin. Ní nǹkan bí ọdún 1821, ó ti ṣe àpẹẹrẹ kékeré ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ sí Paris, ó fi han ọba Louis Kejìdínlógún àti àwọn ọ̀mọ̀wé Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì. Wọ́n yìn ín. Ìyìn náà kò mú iṣẹ́ wá. Olùkọ́ náà padà sí Sélestat, ó sì ń bá kíláàsì rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ní Kàtídírà

Ní ọdún 1827, nígbà tí ó pé ẹni 50 ọdún, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó padà sí Strasbourg, ó sì dòwò pọ̀ pẹ̀lú Frédéric Rollé. Òṣùwọ̀n ńlá tí a fi ń wọn ẹrù àti aago ilé ìjọsìn ni wọ́n ń ṣe. Owó wọlé. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ ní ìlú. Ó fi àbá síwájú àwọn aláṣẹ pé bóyá kí á tún ti àtijọ́ ṣe, bóyá kí á kọ́ tuntun. Àwọn aláṣẹ ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn aláṣẹ níbi gbogbo, jókòó lé àbá náà fún ọdún púpọ̀. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la ni Yorùbá wí. Fún Schwilgué, àádọ́ta ọdún ni. Ọdún 1838 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Aago náà ti dákẹ́ láti ọdún 1788. Ọmọ ọdún 11 ti di bàbá ọdún 61.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀ tí kò dùn mọ́ ọn: inú àpótí aago Dasypodius ni aago tuntun gbọ́dọ̀ wọ̀. Àpótí náà ga tó mítà 18, àwòrán Tobias Stimmer sì wà lára rẹ̀. Ìlú kò fẹ́ kí ohun ẹlẹ́wà bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ lónìí, ojú aago ọdún 1574 ni ó rí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jẹ́ ti Schwilgué.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò kò ju àwọn ère lọ. Ọmọdé, ọ̀dọ́, géńdé àti arúgbó ń kọjá níwájú Ikú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin wákàtí. Ní ọ̀sán gangan lórí aago náà, àwọn Àpọ́sítélì méjìlá ń kọjá níwájú Krístì, àkùkọ sì ń kọ lẹ́ẹ̀mẹta. (Nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ni ti ìjọba nígbà náà, nítorí pé wákàtí oòrùn Strasbourg gan-an ni aago náà ń tẹ̀ lé.) A kò ní pẹ́ lórí àwọn ère. Wọ́n ń pa àlejò lẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n aago tí ó ní ère tí ń rìn ti wà tipẹ́ kí Schwilgué tó dáyé.

Kàlẹ́ńdà ni ó yẹ kí á wò. Òrùka ńlá kan ni, ó fẹ̀ ju gíga ènìyàn lọ. Gbogbo ọjọ́ ọdún ni a kọ sára rẹ̀. Ní òru gangan, òrùka náà ń sún sí iwájú ní ìwọ̀n ọjọ́ kan, ère Apollo tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń na ọ̀pá sí ọjọ́ tí ó kàn. Ní ọdún aláfikún, apá kan lára òrùka náà ń sún díẹ̀ kí àyè lè wà fún ọjọ́ 29, oṣù Kejì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ Àjíǹde wà. Jálẹ̀ ọdún, kì í mira. Ní òru ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, òrùka kàlẹ́ńdà á jí i. Nọ́ńbà ọdún á yí padà, àyípo 28 á sún kan, nọ́ńbà wúrà á sún kan, lẹ́tà tí ó dúró fún ọjọ́ Àìkú á yí padà, ọjọ́ orí òṣùpá á bọ́ sí ipò rẹ̀. Láti inú ohun tí ẹ̀ka ọjọ́ Àìkú àti ẹ̀ka òṣùpá sọ ni irin yóò ti rí iye ọjọ́ tí a ó fi kún ọjọ́ 22, oṣù Kẹta. Ó lè jẹ́ òfo, ó lè tó 34. Irin náà yóò wá ti àmì Àjíǹde lọ sí ọjọ́ rẹ̀ lára òrùka. Ìgòkè-re-ọ̀run, tí ó jẹ́ ọjọ́ 39 lẹ́yìn rẹ̀, Pẹ́ńtíkọ́sì, tí ó jẹ́ ọjọ́ 49 lẹ́yìn rẹ̀, àti Ọjọ́rú Eléérú, tí ó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ 46, gbogbo wọn á bá a lọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ náà á tún sùn fún ọdún kan. Kò sí ìdáhùn kankan tí a kọ sínú rẹ̀. Òfin nìkan ni ó wà níbẹ̀, òfin náà sì ni ó ń bí ìdáhùn.

Èyí ni ó mú wa ronú kan iṣẹ́ tiwa. Gbogbo wa ni a mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ ìdáhùn ìbéèrè ọdún márùn-ún tí ó kọjá sórí, tí ó sì gba máàkì rere, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ yí padà ní ọjọ́ tí olùṣàyẹ̀wò pa nọ́ńbà kan dà. A sì mọ olùkọ́ tí ó fẹ́ràn irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í da olùkọ́ láàmú. Schwilgué fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Sélestat ní àsìkò kan náà tí ó ń ronú lórí ẹ̀rọ yìí. Ó ṣòro fún wa láti gbà pé iṣẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ nípa aago náà. Dasypodius fi ayé sí àárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì; Schwilgué gbé oòrùn sí àárín bí Copernicus ti wí, Mercury, Venus, ayé wa, Mars, Jupiter àti Saturn sì ń yí i ká, oníkálukú ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀. Àgbá ìràwọ̀ kan wà nísàlẹ̀ tí ó ń fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run Strasbourg hàn. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kan sí i fún ìyípadà ìrìn ayé tí ó ń gba ohun tí ó ju 25,000 ọdún lọ kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Irú eyín tí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń fẹ́ kò sí lọ́jà. Schwilgué kọ́kọ́ ní láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò gé eyín náà kí ó tó gé eyín. Nọ́ńbà ọdún tí ó wà lára ẹ̀rọ Àjíǹde ní àyè mẹ́rin, nítorí náà ó lè ka ọdún dé 9999. Ẹni tí ó bá wà láyé ní ọdún 10,000 ni yóò wá ojútùú sí ìyẹn.

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, ọdún 1842 ni wọ́n kọ́kọ́ mú aago náà rìn níwájú àwọn ènìyàn, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé ń ṣe àpérò wọn ní Strasbourg. Ó ku oṣù díẹ̀ kí Schwilgué pé ẹni 66 ọdún. Ọdún 1843 tí ó tẹ̀ lé e ní nọ́ńbà wúrà 1, ìbẹ̀rẹ̀ àyípo òṣùpá gan-an. Ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin ni Àjíǹde rẹ̀.

Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Kò fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 1844, òun àti ọmọ rẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń ṣe àròpọ̀ nígbà tí a bá fi ìka tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí náà ni ó tún ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan fún ìlò ara rẹ̀, kí ó lè máa bá a ṣe ìṣirò tí gígé eyín kẹ̀kẹ́ ń fẹ́. Àwọn ilé ìjọsìn àti ìlú káàkiri Alsace sì ń ra aago lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1856 ni ó kú ní Strasbourg. Ó ku ọjọ́ 13 kí ó pé 80 ọdún. Àwọn ará ilé Ungerer, tí wọ́n ti ń bá a ṣiṣẹ́, ni wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́jú aago Kàtídírà láti ìran dé ìran fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní ọdún 1871, ó padà sọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1918, ó tún bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní ọdún 1940, ó sì padà ní ọdún 1944. Aago náà ń bá ìṣirò rẹ̀ lọ.

Nípa òfin tí a rọ sínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kún oṣù Kejì ọdún 1900, ó sì gbọdọ̀ fi kún ti ọdún 2000. Ti ọdún 2100 ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ olówó iyebíye tí a ń pè ní aago kàlẹ́ńdà ayérayé, ọdún mẹ́rin mẹ́rin nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ náà, wọ́n á fi ọjọ́ 29 hàn, ẹni tí ó ni wọ́n á sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago. Ní Strasbourg, ọ̀pá Apollo yóò kúrò lórí ọjọ́ 28, oṣù Kejì, yóò bọ́ sórí ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹta. Irin tí yóò ṣe é ti wà nípò rẹ̀ láti ọdún 1842.